Àga Kejì

Bánjọ ọmọ mi ló fi mọ́tò náà ránṣẹ́ láti Kánádà.
Ó wọ Ìpẹ̀rù lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀,
ó dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin.
Gíláàsì iwájú mi tàn, ó ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé,
ojú mi ò gbé e, awò mi wà nínú ilé.
Ọmọkùnrin tó gbé e wá ní, "Màmá, ẹ sáà tẹ ibí."
Ibẹ̀ ni wọ́n kọ *Mo gbà* sí.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Mo rò pé èmi ni mo gba nǹkan.
Àṣé àwọn ló gbà.

Nílé bàbá mi, a kì í bi ẹni tó wọ bàtà pé níbo.
Ìyá mi á jáde ní kùtù, ìborùn léjìká,
àwa á kàn ní, "Ọ̀nà á re o."
Ó lè jẹ́ gbèsè ló lọ san,
ó lè jẹ́ ẹkún ló lọ sun níbi tójú wa ò tó.
Ó ti wọlẹ̀ báyìí, mi ò sì tíì mọ̀.

Mọ́tò yìí náà kì í bèèrè.
Ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni:
aago tí mo jáde, ibi tí mo yà,
ìwọ̀n ìdí mi,
ìdí tí olóògbé ọkọ mi ò mọ kílò rẹ̀ títí ó fi kú!

Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti Ìsarà,
ewúrẹ́ bọ́ sójú títì pẹ̀lú ọmọ méjì.
Mo tẹ bíréèkì, táyà ké.
Ewúrẹ́ wò mí, ó jẹ ewé ẹnu rẹ̀ tán, ó kọjá.
Lóṣù tó tẹ̀lé e, àwọn oníǹṣọ́ránsì kọ̀wé
pé owó mi ti lé, mò ń wakọ̀ níwàkuwà.
Ìdúró òjijì wà nínú ìwé wọn.
Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀.

Mo pe Mọ́nsúrù ríwáyà láti Òde-Rẹ́mọ.
Ó nà gbalaja sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.
"Màmá, síìmù kan wà nínú rẹ̀. Ó ń pe ẹnì kan.
Tí mo bá yọ ọ́, mọ́tò lè má tan mọ́."
Mo ní kó dá a padà.
Mo fún un lówó àti ọsàn mẹ́rin.

Bánjọ pè lọ́jọ́ Sátidé. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.
"Màmá, ta ló ń jókòó sí àga kejì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì?
Ó ń hàn lórí fóònù mi. Ó ń so bẹ́líìtì."
Ọmọ tí mo fọ ìdí fún.
Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa.

Odùkọ̀yà ni. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí,
ó mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin dé Kánò,
àmọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀nà ilé ara rẹ̀ a máa dà á rú.
A máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́, a ó máa bó ẹ̀pà,
a ò sọ nǹkan kan tó tó kọ sílẹ̀.
Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra àpò obì kan ní Ṣágámù.
Wọ́n bá mi gbé e sí àga kejì, mo so bẹ́líìtì mọ́ ọn.
Odùkọ̀yà ti rù lẹ́yìn àìsàn èṣí;
òun àti àpò náà ò jura wọn lọ.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àpò obì.
Ọjọ́rú, àpò obì.
Lọ́jọ́ Àìkú ó bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó bàbá ìjọ.
Bánjọ tún pè: "Màmá, ta ni gan-an?"
"Obì ni."
Ó rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mọ́nsúrù wá bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀.
Ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀,
ó wo ojú ọ̀nà, kò wo ojú mi.
"Ọ̀nà á re o, Màmá."